Ọ̀nà Funfun Gaiole

Nílẹ̀ wa, bí ìjọba bá da ọ̀dà sí títì, ijó la máa ń jó. Ta ni yóò wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má dà á? Ó ṣẹlẹ̀ ní Gaiole in Chianti, ìlú àtijọ́ kékeré kan ní Tuscany, nílẹ̀ Ítálì.

Láàárín àwọn òkè tí wọ́n gbin àjàrà àti ólífì sí níbẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ funfun ló wà lójú ọ̀nà oko. Ọ̀dà sì ti ń jẹ àwọn ọ̀nà náà díẹ̀díẹ̀. Ní 1997, Giancarlo Brocci kó àwọn tó fẹ́ràn kẹ̀kẹ́ jọ kí ọ̀nà funfun má bàa parẹ́. Èèyàn 92 ló jáde. Wọ́n pè é ní L'Eroica. Òfin rẹ̀ le: kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1987, tí wáyà bíréèkì rẹ̀ wà níta gbangba. Irú ọ̀nà eléruku bẹ́ẹ̀ ṣáà ni Bartali àti Coppi fi dolókìkí.

Nígbà tó di 2007, àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun náà bẹ̀rẹ̀ ìdíje tiwọn, láti Gaiole dé Siena. Tàwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ ní 2015.

Ṣé ẹ rí i, lílò tí wọ́n ń lò ó ló gba ọ̀nà yẹn là. Ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni ò rìn, igbó ni yóò dà. A ò sọ pé kí abúlé tí aboyún ti ń lọ sílé ìwòsàn máa jẹ eruku o. Ṣùgbọ́n ká tó bo ọ̀nà àtijọ́ kan mọ́lẹ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè àwọn tó ti gbà á kọjá.