Bristol, 1927: Àwọn Tí Orúkọ Wọn Kò Sí Lára Àwo

Ní 2027 ni yóò pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí ilé iṣẹ́ àwo orin Victor gba orin sílẹ̀ ní Bristol, ìlú kan ní Amẹ́ríkà tí ààlà Tennessee àti Virginia gba àárín òpópónà rẹ̀ kọjá. Atlanta ń bá Bristol du ipò àkọ́bí orin kọ́ńtírì, nítorí pé ibẹ̀ ni Fiddlin' John Carson ti ta gòjé fún ẹ̀rọ ní 1923. Mo gbọ́ tẹnu ìhà méjèèjì, Bristol ni mo dá láre. Carson ṣílẹ̀kùn, Bristol ni orin àwọn ará òkè ti di òwò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ralph Peer, ẹni tó ń gba orin sílẹ̀ fún ilé iṣẹ́ àwo, ló wà nídìí ti Atlanta àti ti Bristol. Polk Brockman, oníṣòwò àga àti tábìlì ní Atlanta, ló rọ̀ ọ́ títí ó fi gba ohùn Carson. Nígbà tó dé Victor, Peer kò gba owó oṣù. Ẹ̀tọ́ lórí orin ló gbà. Olórin ń gba $50 lórí orin kan, pẹ̀lú ìpín díẹ̀ lórí títà. Ọgbọ́n gbígba ẹ̀tọ́ yìí ló bí ilé iṣẹ́ rẹ̀, Southern Music, ní 1928.

Láti 25 oṣù Keje di 5 oṣù Kẹjọ 1927, Peer àti ẹlẹ́rọ méjì gba orin sílẹ̀ lókè ilé iṣẹ́ fìlà kan ní State Street ní Bristol, níbi tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ògiri. Àwo ìda ni wọ́n ń gba ohùn sí. Ẹgbẹ́ 19 ló kọ orin 76. Lára wọn ni Ernest Stoneman, tí ìròyìn owó tó ń rí mú kí èrò ya wá; ìdílé Carter, ìyẹn A.P., Sara àti Maybelle; Jimmie Rodgers, Blind Alfred Reed, Alfred Karnes, Ernest Phipps, B.F. Shelton, àti El Watson, ọmọ aláwọ̀ dúdú tó fọn hamóníkà.

Ọmọ aláwọ̀ dúdú ni mo wí, nítorí ìran wa ló gbé ìmọ̀ tó bí bánjò wọ ilẹ̀ náà láti Áfíríkà. Lesley Riddle, ọmọ ìran wa, ń gbé ní Kingsport, tí kò jìnnà sí Bristol. Ní 1927 kan náà ni jàǹbá ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì gé e lẹ́sẹ̀. Nígbà tó ń gbàtọ́jú ló tẹra mọ́ gìtá. Lẹ́yìn tí òun àti A.P. Carter pàdé, wọ́n jọ ń ti àdúgbò dé àdúgbò kó orin jọ. Carter ń kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, Riddle ń gbé ohùn sórí. Maybelle wo ọwọ́ Riddle lórí gìtá, ó sì kọ́ ọ̀nà tó ń gbà ta á. Ọ̀dọ̀ Riddle ni orin «The Cannon Ball» ti wá, síbẹ̀ orúkọ Carter ni wọ́n kọ sí i. Èmi kò gbógun ti ìdílé Carter, ọ̀rẹ́ Riddle ni wọ́n. Ṣùgbọ́n Peer gba ẹ̀tọ́, Carter gba orúkọ, ẹni tó gbé ohùn wálé kò gba ìkankan.

Ní 1942 Riddle kó lọ sí Rochester, ní New York. Mike Seeger, olórin ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló wá a rí ní 1965. Ní ti Bristol, ìjọba Amẹ́ríkà fún un ní oyè ibi ìbí orin kọ́ńtírì ní 1998. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀ ṣí ní 2014. Bí wọ́n bá ń ka orúkọ ní àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún náà ní 2027, kí wọ́n ka ti Riddle ṣáájú ti Peer.