Pákó wọ́nọ́ọ̀tì dúdú

Pákó wọ́nọ́ọ̀tì dúdú ni pákó tí a ń là láti ara Juglans nigra, igi ńlá tí ó ń hù ní apá ìlà-oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà. Kò bá àsálà tan, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́nọ́ọ̀tì ni à ń pe àwọn méjèèjì ní Nàìjíríà bí a bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì: ìtàkùn ni àsálà, kò ṣeé là ní pákó. Gẹdú tí àwọn oníṣòwò ń pè ní wọ́nọ́ọ̀tì Áfíríkà, Lovoa trichilioides, pàápàá kì í ṣe ìbátan rẹ̀. Ẹbí ọ̀gánwó ni.

Àbùdá

Àwọ̀ ni ó sọ pákó yìí di ọ̀wọ́n. Àárín igi náà ní àwọ̀ búráùn tí ó lè ṣú bí kọfí, nígbà mìíràn pẹ̀lú àwọ̀ àlùkò díẹ̀. Apá tí ó wà lábẹ́ èèpo sì funfun. Nítorí ìyàtọ̀ yìí, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìlagi máa ń fi oru omi gbígbóná se pákó tútù kí wọ́n tó gbẹ ẹ́, kí àwọ̀ dúdú lè ràn dé apá funfun. Ọgbọ́n yìí kì í jẹ́ kí pákó ṣòfò, ṣùgbọ́n ó máa ń pa àwọ̀ àlùkò náà rẹ́, gbogbo rẹ̀ a wá rí bákan náà. Ìdí nìyí tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà kan fi ń wá èyí tí afẹ́fẹ́ nìkan gbẹ. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún nínú ìmọ́lẹ̀, ṣíṣí ni àwọ̀ rẹ̀ ń ṣí, kì í ṣú sí i.

Bí ó bá gbẹ, mítà kúbìkì kan rẹ̀ ń wọn nǹkan bí kìlógíráàmù 610. Kò le tó igi óòkù funfun. Ayùn àti ìfági ń rìn lára rẹ̀ geere, àfi ibi tí ìlà ara igi bá ti lọ́. Pákó tí ó gbẹ dáadáa kì í sábà wọ́. Irin tí ó bá kàn án nígbà tí ó tutù máa ń fi àbàwọ́n dúdú sí i lára.

Ìlò

Nítorí pé kì í wọ́, òun ni wọ́n fi ṣe ìdí ọ̀pọ̀ ìbọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà, títí kan M1 Garand ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì. Àwọn ìtì igi tí ó dára jùlọ kì í sábà di pákó rárá: wọ́n ń bẹ́ wọn ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti lẹ̀ mọ́ ara igi tí kò wọ́n. George Nakashima (1905–1990), tí ó ṣiṣẹ́ ní Pennsylvania, fi í ṣe tábìlì tí ó fi etí igi sílẹ̀ bí ó ṣe hù, ó sì ń fi ege igi tí ó rí bí labalábá de ibi tí ó bá sán pọ̀.

A kò gbọdọ̀ tẹ́ èérún tí ìfági há lára rẹ̀ sí ilé ẹṣin. Ẹṣin tí ó bá dúró lórí rẹ̀ lè wú lẹ́sẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, inú pátákò rẹ̀ a sì máa ro ó débi tí yóò máa tiro, àní bí ó bá jẹ́ díẹ̀ ni a pò mọ́ èérún igi mìíràn.