Aṣọ Ẹgbẹ́ Tó Sọ Ẹgbẹ́ Kan Di Méjì



A kúkú mọ̀ pé bí ẹgbẹ́ obìnrin bá jókòó láti yan aṣọ ọdún, ariwo ò ní ṣàìsọ. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, ó sì di ìtàn.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1908, Ethel Hedgemon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́jọ dá ẹgbẹ́ Alpha Kappa Alpha sílẹ̀ ní Yunifásítì Howard, ní Washington. Wọ́n mú àwọ̀ pínńkì àti àwọ̀ ewé, wọ́n sì fi ewé ìtàkùn ivy ṣe àmì.

Nígbà tó di 1912, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ 22 ní àwọn fẹ́ pààrọ̀ orúkọ, àwọ̀ àti àmì, kí ẹgbẹ́ sì túbọ̀ máa dá sí ọ̀rọ̀ ìlú. Nellie Quander, tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, kọ̀ jálẹ̀. Ni àwọn 22 bá dá Delta Sigma Theta sílẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 1913, wọ́n mú àwọ̀ pupa àti funfun bíi wàrà. Ní ọjọ́ 29 oṣù náà, Quander fi orúkọ àtijọ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kí ó má bàa parẹ́.

Ìyapa yẹn ì bá ti ba ti gbogbo wọn jẹ́, àmọ́ ẹgbẹ́ méjèèjì gbájú mọ́ iṣẹ́. Ní oṣù kẹta ọdún 1913, Delta bá àwọn obìnrin tó ń béèrè ẹ̀tọ́ ìdìbò rìn ní Washington, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn òyìnbó kan fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú máa rìn lẹ́yìn. Láti 1935 dé 1942, Alpha Kappa Alpha ń kó dókítà àti nọ́ọ̀sì lọ sí ìgbèríko Mississippi nígbà ooru, wọ́n ń gún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Títí dòní, ìlẹ̀kẹ̀ péálì 20 ni Alpha Kappa Alpha ń kà: 9 fún àwọn tó kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, 7 fún àwọn tó tẹ̀ lé wọn, 4 fún àwọn tó dáàbò bo orúkọ ní 1913. Quander wà nínú wọn. Péálì ni Kamala Harris, ọmọ ẹgbẹ́ náà, wọ̀ lọ́jọ́ tó búra gẹ́gẹ́ bí igbákejì ààrẹ ní 2021.

Àlejò rí ìlẹ̀kẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ rí orúkọ àwọn ìyá rẹ̀. Àwa ńkọ́? Ta ló yan àwọ̀ ẹgbẹ́ tìrẹ, kí sì ni ìdí rẹ̀? Ẹ bi àwọn ìyá àgbà léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.