Ìkúnlẹ̀ Abiyamọ: Èdè Gẹ́gẹ́ Bí Ìwé Àkọ́kọ́ Lórí Ìbímọ

Bí Yorùbá bá fẹ́ rán ọmọ létí ohun tí ìyá rẹ̀ fojú rí nítorí rẹ̀, ìkúnlẹ̀ abiyamọ ni wọn yóò tọ́ka sí. Gbólóhùn náà ti di ohun ẹ̀bẹ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ìtàn ni ní ìpìlẹ̀. Ó sọ bí obìnrin ṣe ń bímọ kí ilé ìwòsàn tó dé: lórí eékún rẹ̀, kì í ṣe ní ìdùbúlẹ̀. Ní agbègbè bí Abígí, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ogun Waterside ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, níbi tí odò àti ọ̀sà ti pààlà sí àárín ìletò, ẹnu àti ọwọ́ ni ọgbọ́n oyún wà kí ó tó wọ inú ìwé. Èdè ni ìwé àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ náà, ó sì yẹ kí a kà á pẹ̀lú ìfura kan náà tí òpìtàn fi ń ka àkọsílẹ̀ mìíràn.

Ọ̀rọ̀ náà agbẹ̀bí fi irú iṣẹ́ náà hàn: ẹni tí ó ń gba ẹ̀bí ni, kì í ṣe ẹni tí ó ń fà á. Sùúrù wà nínú orúkọ iṣẹ́ náà. Bákan náà ni àdúrà pé kí aboyún bí tibi-tire. Etí òde òní lè gbọ́ ibi gẹ́gẹ́ bí òdìkejì ire nìkan, ṣùgbọ́n ibi ọmọ, tí ó ń tẹ̀lé ọmọ jáde, wà nínú ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú. Àdúrà yìí mọ̀ pé ìbímọ kò tíì parí nígbà tí ọmọ bá ké; ibi tí kò jáde lásìkò lè fa ẹ̀jẹ̀ tí yóò gba ẹ̀mí ìyá.

Àwọn orúkọ àmútọ̀runwá tún lọ jìnnà ju èyí lọ. Àlùfáà Samuel Johnson ṣàlàyé wọn nínú The History of the Yorubas, tí ó parí ní 1897. Àbúrò rẹ̀, Obadiah Johnson, tí í ṣe dókítà oníṣègùn, ló tún un kọ lẹ́yìn tí ìwé àfọwọ́kọ náà sọnù, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Ìgè ni ọmọ tí ó mú ẹsẹ̀ wáyé. Àjàyí dojú bolẹ̀ nígbà tí wọ́n bí i. Òjó àti Àìná gbé ìwọ́ kọ́rùn. Ọmọpẹ́ lò ju oṣù rẹ̀ lọ nínú ìyá rẹ̀. Ohun tí ìwé agbẹ̀bí òde òní pín sí orí-orí ni ìdílé Yorùbá ń pè lójoojúmọ́ nígbà tí wọ́n bá ń jí ọmọ lójú oorun.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó yè ló ń jẹ́ orúkọ. Ìgè tí kò rí ọ̀nà jáde kò sí nínú àkójọ náà, ìyá rẹ̀ náà kò sì sí níbẹ̀. Ìkíni ló tọ́jú apá yẹn: ẹ kú ewu ọmọ ni a ń kí ìyá ìkókó, nítorí ojú ogun ló ti bọ̀. Orúkọ àbíkú bíi Málọmọ́ àti Kòsọ́kọ́ sì ń jẹ́rìí sí àwọn ọmọ tí ilẹ̀ gbà léraléra. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ìkúnlẹ̀ abiyamọ ṣe ẹ̀rí pé ìbímọ àtijọ́ rọrùn ti ka ojú ewé kan, ó sì ti fo èyí tó kù.

Ìwé tí ilé ìwòsàn mú dé kọ́ni ní ọ̀nà mìíràn. Ní Yúróòpù pàápàá, ìdùbúlẹ̀ kì í ṣe àṣà àtayébáyé. Ìwé tí François Mauriceau, oníṣègùn ilẹ̀ Faransé, gbé jáde ní 1668 wà lára ohun tí ó gbé ìbímọ lórí bẹ́ẹ̀dì lárugẹ. Àwọn míṣọ́nnárì Àgùdà dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ ní Láńtòrò, Abẹ́òkúta, ní 1895. Ìjọba amúnisìn ṣe òfin àwọn agbẹ̀bí ní 1930. Ìwé Margaret Myles tí ó kọ́kọ́ jáde ní 1953 sì ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí ní Nàìjíríà fi kọ́ṣẹ́. Àǹfààní wọn kò kéré: ìmọ́tótó, oògùn tí ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé náà, akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n sì kọ ọ́ fún, kì í ṣe aboyún.

Láàárín àkókò yìí kan náà, àwọn oníṣègùn kan ní Yúróòpù ń tún ọ̀rọ̀ náà rò. Grantly Dick-Read, dókítà Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ ní 1933 pé ẹ̀rù ló ń mú ara le, ara tó le ló sì ń mú ìrora pọ̀ sí i. Ní 1974, Frédérick Leboyer ti ilẹ̀ Faransé bẹ̀bẹ̀ fún ìdákẹ́jẹ́, iná tí kò mọ́lẹ̀ jù, àti ọwọ́ pẹ̀lẹ́ lára ọmọ tuntun. Ní 2018, ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé lórí ìrọbí dá a lábàá pé kí obìnrin fúnra rẹ̀ yan ipò tí yóò fi bímọ, títí kan èyí tí kò ti ní dùbúlẹ̀, kí ẹni tí ó bá yàn sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Báyìí ni ìkúnlẹ̀ ṣe padà wọlé, tòun ti ìwé-ẹ̀rí láti òkèèrè.

Ilẹ̀ Yorùbá náà ti fi hàn rí pé ìwé lè bá ìyá sọ̀rọ̀ tààrà. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ní àwọn ọdún 1950, David Morley ti Wesley Guild Hospital, Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ sí í lo káàdì tí wọ́n fi ń ya ìlà ìwọ̀n ọmọ láti oṣù dé oṣù, tí ìyá fúnra rẹ̀ ń tọ́jú sílé. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ tàn káàkiri àgbáyé. Kò béèrè pé kí ìyá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì; bí ìlà bá ń gòkè, ọmọ ń dàgbà; bí ó bá dúró sójú kan, ó tó àkókò láti wádìí.

Ohun tí ó kù ni kí a ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún oyún àti ìrọbí. Ìwópin, tí ó wà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ kan náà pẹ̀lú Abígí, ni ìjọba àpapọ̀ gbé ilé-iṣẹ́ bébà ìkọ̀wé kalẹ̀ sí, iṣẹ́ náà kò sì dé òpin. Àìsí bébà nìkan kọ́ ni ìdènà. Agó-Ìwòyè ní yunifásítì láti 1982. Àwọn onímọ̀ èdè àti oníṣègùn lè jọ gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà agbẹ̀bí agbègbè náà, ní ẹ̀ka-èdè wọn, kí wọ́n sì fi ìmọ̀ ìṣègùn yẹ̀ ẹ́ wò. Ìwé tí ó bá ti ibẹ̀ jáde yóò sọ fún aboyún pé ó lè kúnlẹ̀, yóò sì sọ fún un ìgbà tí ó yẹ kí ó dìde, kí ó wọ ọkọ̀, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn.