Bí Góòlù Bá Pọ̀ Jù: Ìka Ta Ni Kí Ọba Gé?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá sí ojú ewé yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, kì í sì í ṣe ti ààlà ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ eré àwọn ọmọ wa ni. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ojú kékeré wò ó, nítorí pé orí pápá ni ọmọ ti ń kọ́ bí a ti í borí láìgbéraga, àti bí a ti í ṣubú láìsọ̀rètí nù, kí ó tó di ẹni tí a ó fi ọ̀ràn ìlú lé lọ́wọ́.

Ìbéèrè náà ni èyí: bí ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé kan bá na ẹgbẹ́ kejì ní góòlù 15 sí 0 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ha yẹ kí a fi ìyà jẹ ẹgbẹ́ tí ó borí? Àwọn kan nínú wa ní ó yẹ. Wọ́n ní ìyà náà yóò kọ́ àwọn ọmọ ní àánú. Àwọn mìíràn ní ohun ìtìjú ni kí a na ọmọ tí ó jáfáfá nítorí pé ó jáfáfá. Kí a tó dá ẹjọ́ náà, ẹ jẹ́ kí a yẹ ìtàn wò, nítorí pé irú ọ̀ràn yìí ti ṣẹlẹ̀ rí, nílé àti lẹ́yìn odi.

ERÉ ÀWỌN BABA WA

Kí òyìnbó tó gbé bọ́ọ̀lù dé, àwọn baba wa ní eré tiwọn, eré náà sì ní òfin. Nínú ìjàkadì, bí ẹ̀yìn ẹnìkan bá ti kan ilẹ̀, ó parí. A kì í gbé ẹni tí a ti dá dìde kí a lè tún dá a lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójú àwọn àna rẹ̀. Ìlù yóò dún, a ó yin ẹni tí ó borí. Ẹni tí ó ṣubú yóò gbọn eruku ara rẹ̀ nù, yóò sì máa retí ọjọ́ mìíràn.

Ti ayò ọlọ́pọ́n tilẹ̀ jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ihò 12 ni ó wà lójú ọpọ́n, ọmọ ayò 48 ni a fi ń ta á, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni òpè. Kò sì sí ẹni tí ó sọ pé kí ọ̀ta má ṣe na òpè, tàbí kí ó má tilẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Síbẹ̀ òfin kan wà níbẹ̀. Bí ilé òpè bá gbẹ, tí kò ku ọmọ ayò kan ṣoṣo lọ́dọ̀ rẹ̀ mọ́, ọ̀ta ní láti ta èyí tí yóò dé ilé òpè, bí ó bá ní irú rẹ̀, kí òpè náà lè rí nǹkan ta. Ẹ kíyè sí i: òfin yìí kò gba ìṣẹ́gun lọ́wọ́ ọ̀ta, kò sì yọ ọmọ ayò kan kúrò nínú èyí tí ó ti jẹ. Eré fúnra rẹ̀ ni ó ń dáàbò bò, nítorí pé ẹnìkan kì í dá ayò ta.

BỌ́Ọ̀LÙ DÉ

Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó gbé eré òyìnbó wọ àárín wa. Ìtàn tí a sábà máa ń kà ni pé ní ọdún 1904, ní Calabar, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Hope Waddell na àwọn atukọ̀ ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan ní 3 sí 2. Ní ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọjọ́ 24 oṣù May, tí a ń pè ní Empire Day, jẹ́ ọjọ́ ìwọ́de àti eré ìje fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ní ilẹ̀ tiwa, tí à ń pè ní Ẹ̀gbádò kí ó tó di Yewa ní ọdún 1995, Egbado College ní Ìlaró, tí ó ti di Yewa College, àti Comprehensive High School ní Ayétòrò, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1963 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà àti Yunifásítì Harvard, wà lára àwọn ibi tí àwọn ọmọ wa ti kọ́ ìwé, tí wọ́n sì ti kọ́ eré.

Ṣùgbọ́n ohun kan yàtọ̀ nínú eré tuntun yìí. Nínú ìjàkadì, ìṣubú ni òpin. Nínú bọ́ọ̀lù, kò sí òpin sí iye góòlù tí a lè gbá wọlé títí fèrè yóò fi dún. Ní ilẹ̀ Scotland, ní ọjọ́ 12 oṣù September 1885, Arbroath na Bon Accord ní 36 sí 0 nínú eré kan ṣoṣo. Òfin bọ́ọ̀lù kò sọ ibi tí ó yẹ kí ìlù ti dákẹ́.

ÀWA ÀTI ÀWỌN ARÁ DAHOMEY

Àwa náà ti jìyà rí, a sì ti fi jẹ ẹlòmíràn. Ní ọdún 1955, ní Accra, Gold Coast na Nàìjíríà ní 7 sí 0. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 28 oṣù November 1959, ní Èkó, Nàìjíríà na Dahomey ní 10 sí 1.

Àwọn tí a nà wọ̀nyí kì í ṣe àjèjì sí wa. Àdéhùn tí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ṣe ní ọdún 1889 ni ó pa ààlà, tí Kétu àti Pọ́bẹ̀ fi bọ́ sí apá Faransé, tí Ìlaró, Ayétòrò àti Ìmẹ̀kọ sì fi bọ́ sí apá Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀gbọ́n wà níhìn-ín, àbúrò wà lọ́hùn-ún. Góòlù mẹ́wàá yẹn kò lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nìkan fún ẹni tí ó ní ẹbí ní ìhà méjèèjì.

Kí ni ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ? Dahomey gba òmìnira ní ọdún 1960, ó di Benin ní ọdún 1975, kò sì fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù June 2024, ní Abidjan, nínú ìdíje àtilọ sí Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé, Benin na Nàìjíríà ní 2 sí 1. Gernot Rohr, ẹni tí ó ti jẹ́ kóòṣì tiwa láti ọdún 2016 sí 2021, ni kóòṣì wọn. Àwa náà sì padà na wọ́n ní 4 sí 0 ní Uyo ní ọjọ́ 14 oṣù October 2025.

Ìtàn yìí fi hàn pé ìnà ńlá kì í pa ẹni tí a nà, bí a bá nà án láìṣe màgòmágó. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní erékùṣù òkèèrè pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 11 oṣù April 2001, Australia na American Samoa ní 31 sí 0. A kò fi ìyà jẹ Australia. Ètò ìdíje ni a tún tò, tí àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké fi kọ́kọ́ ń bá ara wọn díje ná kí wọ́n tó pàdé àwọn alágbára. Ní oṣù November 2011, American Samoa na Tonga ní 2 sí 1. Nicky Salapu, gólì tí ó wà lójú ilé lọ́jọ́ 31 sí 0, ni ó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ ayọ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n àgbàlagbà ni àwọn wọ̀nyí, orílẹ̀-èdè ni ó sì wà lẹ́yìn wọn. Ó gba Benin ní ọdún 65 kí ó tó bọ́ láti inú ọjọ́ Èkó dé ọjọ́ Abidjan. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kò ní bàtà, tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò sì ní pápá, kò ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀. Bí a bá gbá góòlù ogún wọlé rẹ̀ lójú ìyá rẹ̀, ó lè má padà wá sórí pápá mọ́ láé. Nítorí náà a kò gbọdọ̀ sọ pé kò sí ọ̀ràn níbẹ̀.

Ọ̀RÀN ỌDÚN 2013

Nígbà wo wá ni ìyà tọ́? Ní oṣù July 2013, ní orílẹ̀-èdè wa níhìn-ín, ẹgbẹ́ méjì ń du àyè kan ṣoṣo láti gòkè nínú líìgì. Iye máàkì wọn dọ́gba, nítorí náà góòlù ni yóò ya wọ́n. Ní ọjọ́ kan náà, Plateau United Feeders na Akurba ní 79 sí 0, Police Machine sì na Bubayaro ní 67 sí 0. Nígbà tí wọ́n fi sinmi ní ààrin eré, 7 sí 0 ni ti èkínní, 6 sí 0 sì ni ti èkejì. Góòlù 72 àti 61 ni wọ́n gbá wọlé ní ìṣẹ́jú 45 tí ó kù! Àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà kọ́kọ́ lé ẹgbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fún ọdún mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ni ó lé àwọn agbábọ́ọ̀lù àti àwọn alákòóso wọn títí ayé.

Ìyà náà tọ́. Ṣùgbọ́n kí ni a fi jẹ wọ́n níyà? Kì í ṣe nítorí pé góòlù pọ̀. Nítorí pé a ta eré náà ni. Ẹni tí ó nà àti ẹni tí a nà ni a jọ lé, nítorí pé wọ́n jọ dá ọ̀ràn náà ni. Ẹ sì kíyè sí ohun tí ó bí i: òfin tí ó sọ pé góòlù tí ó bá pọ̀ jù ni yóò gbé ènìyàn gòkè.

Òfin mìíràn wà tí ó tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù January 1994, nínú ìdíje àwọn erékùṣù Caribbean, Barbados gbọ́dọ̀ fi góòlù méjì borí Grenada. Òfin ìdíje náà sì sọ pé góòlù tí a bá gbá wọlé ní àfikún àkókò jẹ́ méjì. Nígbà tí ó ku díẹ̀ kí eré parí, tí wọ́n wà ní 2 sí 1, àwọn ará Barbados mọ̀ọ́mọ̀ gbá bọ́ọ̀lù sí ilé ara wọn kí eré lè wọ àfikún àkókò. Wọ́n sì gòkè nítorí rẹ̀. Òfin tí kò gún ní í mú kí ènìyàn máa ṣe ara rẹ̀ níbi.

OHUN TÍ ÀWỌN ARÁ ÒKÈÈRÈ TI DÁN WÒ

Ní ọdún 2010, ní Ottawa ní ilẹ̀ Kánádà, líìgì àwọn ọmọdé kan ṣe òfin pé ẹgbẹ́ tí ó bá fi góòlù tí ó ju márùn-ún lọ borí, òun gan-an ni a ó kà sí ẹni tí ó pàdánù. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí i. Ẹgbẹ́ tí a ti na ní 5 sí 0 kò ní ju kí ó gbá bọ́ọ̀lù sí ilé ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ, ó di olúborí! Ọmọ tí ó ń sáré lọ gbá góòlù kẹfà yóò dúró lójijì bí ẹni tí ó rí ejò. Ẹ̀kọ́ wo ni ó kọ́ níbẹ̀ bí kò ṣe pé kí ó máa fi agbára rẹ̀ pamọ́?

Ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 2006, òfin tiwọn yàtọ̀. Nínú bọ́ọ̀lù irú tiwọn, kóòṣì tí àwọn ọmọ rẹ̀ bá fi àmì tí ó ju 50 lọ borí ni a ó dá dúró. Àgbà ni ìyà náà dé bá, kì í ṣe ọmọ. Ní Dallas, ní oṣù January 2009, àwọn ọmọbìnrin Covenant School na ti Dallas Academy ní 100 sí 0 nínú bọ́ọ̀lù tí a ń jù sínú àwọ̀n. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń tọ́jú àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ṣòro fún ni Dallas Academy. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó borí ni ó fúnra rẹ̀ tọrọ àforíjì. Kóòṣì tí ó kọ̀ láti tọrọ rẹ̀ pàdánù iṣẹ́ rẹ̀. Ta ni ó mọ̀ tí àmì bá ti tó? Kì í ṣe ọmọ tí ara ń gbóná fún eré. Àgbà tí ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá ni.

Nàìjíríà pẹ̀lú mọ ẹ̀ṣẹ̀ àgbà nínú eré ọmọdé. Ní ọdún 1989, FIFA lé wa kúrò nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ fún ọdún méjì, nítorí pé ọjọ́ ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù kan tí a kọ sílẹ̀ kò bá èyí tí a ti kọ rí mu. Bí a bá fi ẹni tí ó ti hu irùngbọ̀n sí àárín àwọn ọmọ ọdún 14, góòlù yóò pọ̀. Ìwé irọ́ ni ó gbá góòlù náà wọlé.

ÌMỌ̀RÀN WA

Ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ọmọ tí ó gbá góòlù wọlé kò ṣẹ̀. Nítorí náà, nínú eré tí a bá ń ṣètò fún àwọn ọmọ wa, ohun tí àwa ń bẹ̀bẹ̀ fún ni ìwọ̀nyí.

Èkínní, kí a fi ọjọ́ orí àti agbára pín àwọn ẹgbẹ́ kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kí a sì yẹ ìwé ọjọ́ ìbí wò. Àgbà tí ó bá purọ́ ọjọ́ orí ni kí a lé.

Èkejì, bí àlàfo bá ti di góòlù méje, kí rẹfirí fọn fèrè, kí ó kéde olúborí gẹ́gẹ́ bí ti ìjàkadì. Bí àkókò bá kù, kí a da àwọn ọmọ méjèèjì pọ̀, kí a tún wọn pín, kí wọ́n sì máa gbá a lọ fún ìdùnnú. Ìyẹn sàn ju pé kí a sọ fún àwọn alágbára pé kí wọ́n máa yí bọ́ọ̀lù kiri láàárín ara wọn. Ẹni tí a ń fojú àánú ṣe bẹ́ẹ̀ fún mọ̀ ọ́n, ó sì dùn ún ju góòlù lọ.

Ẹ̀kẹta, kí góòlù tí ó bá ju méje lọ má ṣe ní iye kankan nínú tábìlì, kí ẹnikẹ́ni má baà rí èrè nínú àṣejù.

Ẹ̀kẹrin, kóòṣì tí ó bá ń rọ àwọn ọmọ láti fi ẹlẹgbẹ́ wọn ṣẹ̀sín ni kí a dá dúró. Kí máàkì àwọn ọmọ wà níbi tí ó wà.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ayé kì í fọn fèrè fún ẹni tí ó ń ṣubú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé ayé le ni àwọn baba wa fi dá eré sílẹ̀, kí ọmọ lè ṣubú níbi tí a ó ti gbé e dìde. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Kí ọ̀ta máa jẹ́ ọ̀ta láàárín wa, kí a sì yìn ín; kí ó sáà ku ọmọ ayò kan sí ilé òpè, nítorí ọdún tí ń bọ̀.

Kí Ọlọ́run dá àwọn ọmọ wa sí, kí ó sì jẹ́ kí ìlú wa máa tẹ̀síwájú. Àmín.