Iṣẹ́ Tí Ètò Ń Rán Ètò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Òwe yìí bá ìtàn kọ̀ǹpútà mu.

Ní 1969, ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ètò Unix. Nínú rẹ̀, ètò kan lè bí ọmọ tí ó jọ ọ́ pátápátá. Fork ni wọ́n pe ìbí yìí. Lẹ́yìn èyí, exec yóò sọ ọmọ náà di ètò mìíràn. Nígbà tí èdè C dé, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ a máa di kọ̀ǹpáílà, ògbufọ̀ tí ń sọ ohun tí ènìyàn kọ di èdè tí ẹ̀rọ gbọ́. Òbí a dúró dè é. Bí ọmọ bá parí iṣẹ́, a mú nọ́ńbà kan bọ̀: 0 dúró fún àṣeyọrí, nọ́ńbà mìíràn fún àṣìṣe. Òbí tí kò bá wo nọ́ńbà yìí lè máa lo iṣẹ́ àná, kí ó rò pé tòní ni.

Ewu mìíràn tún wà. Ní 1984, Thompson fi hàn pé kọ̀ǹpáílà lè fi ohun búburú pamọ́ sínú iṣẹ́ tí a rán an, láìsí àmì rẹ̀ nínú ohun tí a kọ. Ọgbọ́n tí ọmọ rere fi ń tún iṣẹ́ ṣe ni ọ̀dàlẹ̀ fi ń yí i padà.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí á mọ ẹni tí a ń rán, kí á sì gbọ́ èsì kí á tó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìránṣẹ́.