KỌ́LẸ́Ẹ̀JÌ BETHUNE NÍ ÌLÚ KOLKATA: KÍLÁÀSÌ TÍ ÌJỌBA ṢÍ NÍTORÍ ỌMỌBÌNRIN KAN

Àwọn àgbà ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n igi kan náà ni igbó fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìtàn Bethune College ní ilẹ̀ Íńdíà jẹ́rìí sí èyí. Ìlú Kolkata ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Calcutta títí di ọdún 2001. Ìjọba ló ni ín, obìnrin nìkan ló wà fún, òun sì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn obìnrin tí ó kọ́kọ́ wà ní Íńdíà.

BÍ Ó ṢE BẸ̀RẸ̀

Ní ọdún 1848, ọ̀gbẹ́ni John Elliot Drinkwater Bethune dé sí Calcutta láti Ìlú Ọba. Ọmọ ìgbìmọ̀ Gómìnà Àgbà ni, ọ̀rọ̀ òfin ló wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Nígbà náà, àwọn ìdílé Híńdù tí wọ́n jẹ́ ọlọ́lá kì í jẹ́ kí ọmọbìnrin wọn jáde lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi wọ́n fún ọkọ. Àwọn mìíràn tilẹ̀ gbàgbọ́ pé obìnrin tí ó bá mọ̀wé yóò di opó.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 1849, Bethune ṣí ilé ẹ̀kọ́ fún irú àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ọmọ 21 ló fi bẹ̀rẹ̀.

Òun nìkan kọ́ ló ṣe iṣẹ́ náà. Dakshinaranjan Mukherjee, ọmọ ilẹ̀ náà, ló yọ̀ǹda ilé tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Madan Mohan Tarkalankar, ọ̀mọ̀wé nínú èdè Sanskrit, mú ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì wá. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ náà láìgba kọ́bọ̀, ó sì kọ ìwé ìbẹ̀rẹ̀ tí ń jẹ́ Shishu Shiksha fún wọn. Àwọn ènìyàn rẹ̀ kẹ̀yìn sí i nítorí èyí, ṣùgbọ́n kò yẹsẹ̀. Ishwar Chandra Vidyasagar, tí ó di akọ̀wé ilé ẹ̀kọ́ náà ní ọdún 1850, ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ inú ìwé mímọ́ àwọn Híńdù sí ara kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin tí ń kó àwọn ọmọ wá sílé ìwé, láti fi han ará ìlú pé ẹ̀sìn wọn kò lòdì sí kíkọ́ ọmọbìnrin.

Bethune kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 1851. Lord Dalhousie, Gómìnà Àgbà, fi owó ara rẹ̀ gbé ilé ẹ̀kọ́ náà ró títí ìjọba fi gbà á ní ọdún 1856.

AKẸ́KỌ̀Ọ́ KAN ṢOṢO

Ní ọdún 1878, Kadambini Basu yege nínú ìdánwò àṣewọlé Yunifásítì Calcutta. Máàkì kan ṣoṣo ló dù ú ní ipò àwọn tó yege jù. Ṣùgbọ́n níbo ni yóò wọ̀? Kò sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kankan fún obìnrin. Nítorí rẹ̀ ni ìjọba fi ṣí kíláàsì kọ́lẹ́ẹ̀jì sí Bethune ní ọdún 1879. Òun nìkan ni akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀.

Àwa tí a ti ṣiṣẹ́ ìjọba mọ̀ bí ó ti rọrùn tó láti kọ ọ́ sínú fáìlì pé akẹ́kọ̀ọ́ kò tó, kí wọ́n ti kíláàsì náà pa. Wọn kò tì í. Ní ọdún 1883, Kadambini àti Chandramukhi Basu (wọn kì í ṣe ọmọ ìyá) gba oyè B.A., àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gbà á ní Íńdíà. Ẹ rántí pé Yunifásítì Oxford kò fún obìnrin ní oyè títí di ọdún 1920, Cambridge sì di ọdún 1948.

Kadambini lọ kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn, ó di dókítà. Chandramukhi padà di ọ̀gá àgbà Bethune fúnra rẹ̀. Kamini Roy, akéwì, gba oyè nínú èdè Sanskrit níbẹ̀ ní ọdún 1886. Pritilata Waddedar kọ́ ẹ̀kọ́ fìlọ́sọ́fì níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn òyìnbó kò fún un ní ìwé ẹ̀rí nítorí pé ó ń jà fún òmìnira. Ó kú sínú ìjà náà ní ọdún 1932. Ọdún 2012 ni yunifásítì tó fún un ní oyè rẹ̀, ọgọ́rin ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ẹ̀KỌ́ TÍ WỌ́N Ń KỌ́ NÍBẸ̀

Abẹ́ Yunifásítì Calcutta ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wà. Wọ́n ń kọ́ èdè Bengali, Gẹ̀ẹ́sì àti Sanskrit, ìtàn, fìlọ́sọ́fì, ìmọ̀ òṣèlú àti ètò ọrọ̀ ajé. Ní ti sáyẹ́ǹsì, wọ́n ń kọ́ ìṣirò, físíìsì, kẹ́mísírì, ìmọ̀ nípa ewéko àti ẹranko, títí kan sítátísíìkì.

ÀRÍKỌ́GBỌ́N

Ẹ̀yin òbí àti ọmọ ẹgbẹ́ wa, owó ìjọba nìkan kọ́ ló gbé Bethune dúró. Bàbá tí ó gbà kí ará ìlú kẹ̀yìn sí òun nítorí ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn aláṣẹ tí kò fojú kéré ẹnì kan ṣoṣo. Bí ọmọ kan péré bá fẹ́ kàwé ní agbolé wa, ìbáà ṣe obìnrin, ẹ má jẹ́ kí a sọ pé kò pọ̀ tó. Ọlọ́run yóò fi ọmọ rere jíǹkí gbogbo wa. Àmín.